Sí Ìyá Mi Aláró ní Ìṣẹ́yìn: Bébà Tútù Náà Ń Parọ́

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àìgbúròó mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì yàrá mi ní Ìgàndó níbí, kí ẹ má baà rò pé Èkó ti gba orúnkún lọ́wọ́ mi. Mo kí Bàbá mi. Mo kí Bàbá Sàlámì, àbúrò wọn. Mo kí Ràṣídì àbúrò mi, tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ràṣídì, kà á dáadáa o, má fo ìlà kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti ń yin ara mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ìdí tí mo fi jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà ilé síta fún gbogbo ayé láti kà. Bàbá Sàlámì ló fà á. Lọ́jọ́ tí mo ń gbé àpò mi jáde, níwájú gbogbo agbo ilé ni wọ́n ti sọ pé ó tán, iṣẹ́ aró ti kú mọ́ yín lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí ń lọ bá ẹ̀rọ ọkùnrin ṣeré ní Èkó. Ẹ kàn ń fi igi ro inú ìkòkò aró yín, ẹ ò sì wo ojú mi. Ó dùn mí, Màámi, ó dùn mí ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo ti fẹ́ fèsì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí Ràṣídì sọ fún mi pé ẹ ṣì ń wí fún àwọn èèyàn pé mò ń tàwé. N kì í tàwé jàre. Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà, ní òpópónà kan tó yà lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Káléńdà, páálí ọṣẹ, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀. Ẹ̀rọ wa ga tó mi léjìká, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Íńkì mẹ́rin péré ló ń lò, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sì ni gbogbo àwọ̀ ti ń jáde, látorí tòmátì títí dórí ojú èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewé ẹlú nìkan yọ ayìnrín tó mọ́ bí ojú ọ̀run, tí ẹ ń fi yọ dúdú ẹtù, ìyẹn ò lè ya irú yín lẹ́nu.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo àwọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ bébà mélòó kan, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á yọ ọ̀kan fún mi. Màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ tí oníbàárà ti gbà pé ó dára, màá fi awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, bóyá ó pupa jù, bóyá omi ti pọ̀ nínú íńkì, bóyá àwọ̀ kan yẹ̀ kúrò lórí èkejì. Bó bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá fọwọ́ sí etí bébà náà. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ sáré. Ìgbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá wa gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú mi mú. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí bébà ló ni ín, ì báà dára, ì báà bàjẹ́, àti pé bí iṣẹ́ kan péré bá bàjẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, màá padà sídìí kíkó bébà jọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kó bébà jọ, Màámi. Ẹ̀yìn mi ṣì ń rántí.

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ni Bọ̀dá Kàmọ́rù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn kí n tó mọ̀ pé Ìkòtún wà láyé. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po íńkì, àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi etí gbọ́ ọ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ya bébà. Wọ́n mọṣẹ́ dénú eegun, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Kò dùn mọ́ wọn nínú pé ọmọ àná ló ń sọ fún wọn bóyá iṣẹ́ wọn dáa. Adájọ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wọlé láàárọ̀ wọ́n á ní kí gbogbo ilé dìde, Adájọ́ ti dé. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì lọ wá awò mi.

Òjò Èkó yìí, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Tiwa máa ń rọ̀, á sì dá. Tibí á rọ̀ láàárọ̀, á sinmi kó lè rójú rọ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀nà Ìgàndó á di odò, èmi á ká ṣòkòtò dé orúnkún. Bébà pàápàá ń mọ̀ ọ́n lára, etí ẹ̀ á máa ká bí ewé gbígbẹ. Lọ́jọ́ Àìkú tí iṣẹ́ ò bá sí, ilé máa ń sú mi. Ojúlé mẹ́jọ la wà níbẹ̀, síbẹ̀ mo mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé mi ju ohùn tiwọn fúnra wọn lọ. Ọjọ́ kan mo gba ọjà Ìkòtún lọ láìní ohun tí mo fẹ́ rà, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ná ọjà pẹ̀lú ohùn Òkè-Ògùn, mo dúró ti ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Kànìnkànìn ló ń tà. Mo ra méjì, mo ní mẹ́ta nílé. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ra bàtà fún ara yín, ẹ má gbé e fún Ràṣídì. Ràṣídì, ibi yìí náà, má fò ó o.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Obìnrin olùkọ́ kan wá bá wa láti Gowon Estate, Ànti Fọlákẹ́ lorúkọ wọn. Ìyá wọn ló kú, wọ́n sì fẹ́ ká tẹ ìwé ètò ìsìnkú, kí àwòrán ìyá gba gbogbo èèpo iwájú. Màámi, ìyá yẹn dúdú! Dúdú bí kóró iṣin, dúdú tó ń dán. Ànti Fọlákẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Wọ́n ní nígbà tí bàbá àwọn kú, ẹni tó tẹ ìwé wọn fi íńkì sọ bàbá di pupa yòò, débi pé àwọn èrò tó wá láti abúlé ń bi ara wọn léèrè ta ni wọ́n fẹ́ sin. Wọ́n ní dúdú ni ìyá àwọn wáyé, dúdú náà ni ká jẹ́ kó lọ.

Ó yé mi, torí àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ wa ní àdúgbò yìí. Bí ojú ẹni tó dúdú bá dé orí ẹ̀rọ, ọwọ́ wa máa ń dín íńkì dúdú kù fúnra ẹ̀, kí ojú náà lè mọ́. Ẹnikẹ́ni ò pa á láṣẹ. Inú ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń dùn sí i, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń dúpẹ́. Mo ṣàlàyé fún Bọ̀dá Kàmọ́rù pé lọ́tẹ̀ yìí a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kí Adájọ́ fọkàn balẹ̀.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí a ò ro àròjinlẹ̀ sí. Bébà tó ń dán la sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ànti Fọlákẹ́ ní ìyá àwọn ò fẹ́ràn ohun tó ń kọ mànà nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì mú bébà tí kò dán. Bébà tí kò dán yìí, ó ń mu íńkì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń mu omi.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé gbọ́dọ̀ jáde, Sátidé ni ìsìnkú. Ọ̀gá wa ti lọ ra bébà, èmi àti Bọ̀dá Kàmọ́rù la wà nílé. Òjò ń rọ̀ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù yọ bébà àkọ́kọ́ fún mi, mo gbé e lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wà, mo gbé e ti àpẹẹrẹ. Kò yẹ̀ rárá. Bí ojú ìyá ṣe rí lọ́tùn-ún ló rí lósì. Bọ̀dá Kàmọ́rù ti ṣe é, wọ́n ti bá àṣà ọwọ́ ara wọn jà, wọ́n sì borí. Inú mi dùn fún wọn. Mo yọ bírò.

Bírò ti kan bébà tán, Màámi, ni mo fi ọwọ́ mi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, íńkì sì gbé mọ́ mi níka. Tútù ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rántí òwú Bàbá Láṣùn.

Ṣé ẹ rántí? N ò tíì lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Òwú Bàbá Láṣùn ahunṣọ tán lórí òfì láàárín aṣọ, wọ́n mú èyí tó kù díẹ̀ wá, wọ́n ní kí ẹ rẹ òmíràn tó bá a mu. Ẹ lọ kírun, ẹ fi mí ti ìkòkò. Mo fa òwú jáde, mo gbé e ti tiwọn, ó bára mu, mo bá kó gbogbo ẹ̀ kúrò nínú aró, mo ń yan bí ìyàwó ọba. Nígbà tó fi máa gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣá di ayìnrín. Bàbá Láṣùn gbé e lé ara aṣọ wọn, wọ́n fi èmi àti òwú rẹ́rìn-ín. Ẹ ò nà mí. Ẹ rẹ ìdì kan, ẹ so ó kọ́, ẹ gbé àpótí fún mi, ẹ ní kí n jókòó wò ó láti àárọ̀ títí tó fi gbẹ. Mo rí bí àwọ̀ ṣe ń rìn kúrò díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Ẹ wá sọ fún mi pé òwú tútù kì í sọ òtítọ́, kí n dúró dè é kó gbẹ, á fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́.

Mo ti bírò bọ àpò. Mo sọ fún Bọ̀dá Kàmọ́rù pé mi ò lè fọwọ́ sí i, kí bébà náà kọ́kọ́ gbẹ.

Yéè! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ojú ń dùn mí ni. Wọ́n ní ṣé mi ò rí i pé ó bára mu ni. Mo ní mo rí i, pé bó ṣe bára mu yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì sọ̀rọ̀ òwú fún wọn. Wọ́n ní kí n gbà wọ́n, òwú ìyá mi kọ́ ni àwọn ń tẹ̀, pé kí wọ́n tó bí mi dáadáa ni àwọn ti ń tẹ̀wé. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀pà, wọn ò fún mi ní ẹyọ kan. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà, mo ti fi àkókò ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣòfò, mo sì ti dójú ti ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo gbé bébà náà síwájú fáànù, mo jókòó tì í bí mo ṣe jókòó ti òwú.

Lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀, mo pè wọ́n. Mo gbé bébà náà àti àpẹẹrẹ kalẹ̀ níwájú wọn. Dúdú tó ń dán yẹn ti lọ. Ojú ìyá ti rí bí eérú, bí ẹni tí àìsàn ti jẹ fún ọdún pípẹ́. Bọ̀dá Kàmọ́rù wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n sì lọ tan ẹ̀rọ.

A pinnu pé a ó tẹ mẹ́ta, kí ọ̀kan dúdú ju èkejì lọ, ká sì jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ ká tó mú. Mo ta okùn láti ojú fèrèsé dé ara òpó, mo fi ohun tí wọ́n fi ń sá aṣọ há wọn kọ́ sórí ẹ̀. Ìgbà náà gan-an, wẹ́rẹ́ báyìí, ni Ànti Fọlákẹ́ wọlé láti wo iṣẹ́ wọn.

Wọ́n rí ìyá wọn lẹ́ẹ̀mẹta lórí okùn, tútù, dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní bàbá àwọn, wọ́n sọ ọ́ di pupa, ìyá àwọn, a ti sọ ọ́ di èédú, ṣé kò sí ẹni tó lè rí òbí àwọn bí wọ́n ṣe rí ni. Wọ́n ní ká dá àwòrán àwọn padà, àwọn ń lọ síbòmíràn. Bọ̀dá Kàmọ́rù wojú mi, mo sì mọ ohun tí ojú wọn ń sọ: ìwọ lo gbé e dé ibí.

Mo kúnlẹ̀, Màámi, lórí ilẹ̀ tí íńkì ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó tì mí títí tó fi máa gbẹ, pé bí kò bá wá rí bí ìyá wọn, èmi fúnra mi ni màá gbé àwòrán wọn lọ sí ibi tí wọ́n bá fẹ́. Mo sọ fún wọn pé ọmọ aláró ni mí, pé ìyá mi kò fi ìgbà kankan dá òwú lẹ́jọ́ nígbà tó ṣì tutù. Mi ò mọ èyí tó wọ̀ wọ́n létí nínú ẹ̀. Wọ́n ṣáà jókòó. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn fún mi, bó ṣe máa ń fi àdí àgbọn pa ara kó tó jáde, bó ṣe máa ń wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bó àwọ̀ Ọlọ́run, kó kọ́kọ́ bi Ọlọ́run bóyá ó ní òmíràn. A rẹ́rìn-ín. Òjò dá láìjẹ́ pé a mọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n dìde fúnra wọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà láàárín, wọ́n sì dúró. Wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Íńkì ò gbé mọ́ wọn níka. Wọ́n pe orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìyá wọn nílé, wọ́n pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jí èèyàn lójú oorun, wọ́n sì kí i pé ẹ káàárọ̀.

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ sáré títí ilẹ̀ fi gbọ̀n, omi sì ń já bọ́ lójú èmi náà, kì í ṣe íńkì ló ta sí mi lójú o.

Bọ̀dá Kàmọ́rù ò tọrọ àforíjì, irú wọn kì í tọrọ ẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀pà kún ọwọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì bèèrè ìlú tí ìyá mi wà. Mo ní Ìṣẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀gá wa gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú okùn yẹn. Ó ti di òfin ilé iṣẹ́ wa: bébà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ lórí okùn kí n tó fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ káléńdà, ì báà jẹ́ páálí ọṣẹ. Bọ̀dá Kàmọ́rù ló sọ okùn náà lórúkọ. Bí oníbàárà bá ń kánjú báyìí, ohùn wọn lẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lórí okùn Ìyá Ìṣẹ́yìn.

Orúkọ yín nìyẹn, Màámi. Àwọn èèyàn tí kò rí yín rí ń pè é lójoojúmọ́. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn bébà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, Ànti Fọlákẹ́ ló fún mi láyè. Ẹ má wò ó lábẹ́ iná o, ẹ gbé e lọ sábẹ́ igi níbi tí ẹ máa ń sá òwú sí, kí ẹ sọ fún mi bóyá ojú mi wò ó dáadáa. Ìdájọ́ yín nìkan ló kù tí ọkàn mi ń retí. Bí Bàbá Sàlámì bá wà nítòsí, ẹ bá mi sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé iṣẹ́ aró ò kú. Ó kàn wọkọ̀ wá sí Ìkòtún ni.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú yín ríran kalẹ́. Aró yín ò ní bàjẹ́ nínú ìkòkò, Bàbá mi ò ní fẹ́ yín kù, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá Láṣùn, ẹ ní mo dúpẹ́ fún ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ẹ kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bí mo bá dé nígbà iléyá, ẹ gbé àpótí kékeré yẹn jáde fún mi, mo fẹ́ jókòó ti òwú.

Èmi ni ọmọ yín,
Muṣílíátù, ọmọ aláró.